Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Àròkọ Aṣàlàyé — Kọ̀ǹpútà Géèmù Tí Ó Ń Fà

Nínú ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú èyí, a rí i pé àròkọ oníròyìn a máa sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ àròkọ aṣàlàyé yàtọ̀ sí èyí. Tirẹ̀ ni láti jẹ́ kí ẹni tí kò mọ nǹkan mọ̀ ọ́n, kí ẹni tí kò mọ ọ̀nà sì rí ọ̀nà gbà. Bí ẹnìkan bá ka àròkọ rẹ tán tí kò sì lè ṣe ohun tí o ṣàlàyé, àròkọ náà kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bí ó ti wù kí èdè inú rẹ̀ dùn tó.

O ti lè kọ́ bí a ṣe ń ṣàlàyé gàrí ṣíṣe tàbí aró pípa. Bí o bá bá ìbéèrè lórí kọ̀ǹpútà pàdé nínú ìdánwò, má ṣe jẹ́ kí àyà rẹ já. Ọ̀nà kan náà ni. Ohun tí ó ṣòro níbẹ̀ ni pé ìbéèrè tí a mú lò nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ní kí o sọ bí a ṣe ń ṣe nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní kí o sọ bí a ṣe ń wá ìdí àṣìṣe. Àṣìṣe kì í sì í dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni.

ÌBÉÈRÈ

Ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè wá ìdí tí kọ̀ǹpútà géèmù tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò fi ń fà, kí ó tó náwó lé e lórí.

KÍ NI ÌBÉÈRÈ YÌÍ Ń FẸ́?

Kà á lẹ́ẹ̀mejì kí o tó mú kálàmù. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀: “ṣàlàyé”, “wá ìdí” àti “kí ó tó náwó”. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ nípa àǹfààní àti ewu géèmù ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ṣàlàyé bí a ṣe ń to kọ̀ǹpútà náà ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá sì wulẹ̀ ka orúkọ ogún ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kò tíì wá ìdí kankan.

Nítorí náà, wá okùn kan tí o lè fi so gbogbo kókó rẹ pọ̀. Nínú àpẹẹrẹ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni okùn náà: nígbà wo ni géèmù ń fà? Ìdáhùn mẹ́ta ni ó wà fún un, ìdáhùn mẹ́ta yìí ni ó sì di àárín àròkọ.

ÌLAPA ÈRÒ

1. Ìfáàrà: ìdùnnú ẹni tí ó to kọ̀ǹpútà, àti ìmọ̀ràn tí kò wúlò.
2. Wíwọn bí géèmù ti ń fà tó, àti kíkọ ọ́ sílẹ̀.
3. Èyí tí ó ń fà láti ìbẹ̀rẹ̀.
4. Èyí tí ó dára tẹ́lẹ̀ kí ó tó máa fà.
5. Èyí tí ó ń sáré tí ó sì ń kọsẹ̀.
6. Ìgbà tí ó tọ́ láti náwó.
7. Ìgúnlẹ̀.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Inú ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to kọ̀ǹpútà géèmù a máa dùn ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ tàn án. Ṣùgbọ́n ìdùnnú náà kì í pẹ́ bí géèmù bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ẹni tí ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Nígbà náà ni ìmọ̀ràn yóò pọ̀ bí òjò. Ọ̀rẹ́ kan yóò ní káàdì àwòrán ni kò dára. Òmíràn yóò ní kí o ra ràámù sí i. Oníṣòwò yóò ní kí o ṣáà mú owó wá. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ohun tí ń ṣe kọ̀ǹpútà náà gan-an. Bẹ́ẹ̀, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tí kò bá wádìí kí ó tó náwó lè ra ẹ̀yà tuntun kí àìsàn àtijọ́ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí o ní láti ṣe ni kí o mọ bí géèmù ti ń fà tó. Ohun tí ń rìn lójú mọ́nítọ̀ kì í ṣe àwòrán kan ṣoṣo. Àwòrán púpọ̀ ni ó ń tẹ̀lé ara wọn kíákíá. Bí 60 bá ń jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ojú yóò rí i bí omi tí ń ṣàn. Bí ó bá lọ sílẹ̀ sí 25, ojú yóò mọ̀ pé nǹkan kò dọ́gba. Steam, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ra géèmù, lè fi iye yìí hàn ọ́ ní igun mọ́nítọ̀. Nínú Windows, bí o bá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager yóò ṣí, yóò sì fi bí prósẹ́sọ̀, ràámù àti káàdì àwòrán ti ń ṣiṣẹ́ tó hàn. Mú ìwé àti kálàmù. Kọ iye tí o rí ní ìṣẹ́jú kìíní, ní ìṣẹ́jú kẹwàá àti ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wo ohun tí àwọn tí ó ṣe géèmù náà ní kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní pẹ̀lú, kí o má baà máa di ẹrù ẹṣin lé ewúrẹ́ lórí. Láti ìsinsìnyí lọ, ohun kan ṣoṣo ni kí o máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí o sì tún wọ̀n ọ́n. Bí o bá yí ohun mẹ́ta padà pọ̀ tí ara kọ̀ǹpútà sì yá, o kò ní mọ èyí tí ó wò ó sàn.

Bí ìwé rẹ bá fi hàn pé géèmù ń fà láti ìṣẹ́jú kìíní, a jẹ́ pé nǹkan kan ni a kò tò bí ó ti yẹ. Kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Ihò tí a ń ki wáyà mọ́nítọ̀ bọ̀ lè wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù, ó sì tún wà lára káàdì àwòrán. Ti káàdì àwòrán ni kí o lò. Ọ̀pọ̀ prósẹ́sọ̀ ni ó ní agbára àwòrán kékeré nínú ara wọn. Bí wáyà bá wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù, àwòrán yóò hàn, yóò sì tàn ọ́ jẹ, nígbà tí káàdì tí o fi owó ńlá rà ń sùn. Lẹ́yìn èyí, rí i pé inú ihò gígùn tí ó sún mọ́ prósẹ́sọ̀ jù lọ ni káàdì àwòrán wà, nítorí pé lára ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù, ihò ìsàlẹ̀ kò yára tó ti òkè.

Kí o wá yẹ ràámù wò. Ègé méjì tí ó jẹ́ 8GB ọ̀kọ̀ọ̀kan sàn ju ègé kan ṣoṣo tí ó jẹ́ 16GB lọ fún géèmù, nítorí pé ọ̀nà méjì ni ègé méjì ń gbà bá prósẹ́sọ̀ sọ̀rọ̀. Lára mọ́dábọ́ọ̀dù oníhò mẹ́rin, ihò kejì àti ìkẹrin láti ẹ̀gbẹ́ prósẹ́sọ̀ ni a sábà máa ń fi wọ́n sí; ìwé tí ó bá mọ́dábọ́ọ̀dù wá yóò sọ èyí fún ọ. Bákan náà, ràámù kì í fúnra rẹ̀ sáré dé ibi tí a kọ sára rẹ̀. DDR4 tí a kọ 3200 sí lè máa sáré ní 2133 tàbí 2666 títí tí ìwọ yóò fi wọ inú BIOS lọ tan XMP. Ti DDR5 náà rí bẹ́ẹ̀. Lórí mọ́dábọ́ọ̀dù AMD, EXPO ni o lè bá níbẹ̀. Ní ìkẹyìn, wo ètò mọ́nítọ̀ nínú Windows. Ẹni tí ó ra mọ́nítọ̀ 144Hz lè máa lò ó ní 60Hz láìmọ̀. Fi driver tuntun fún káàdì àwòrán pẹ̀lú, láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é. Nínú gbogbo èyí, kò sí ọ̀kan tí a ń fi owó rà.

Ọ̀tọ̀ ni ti kọ̀ǹpútà tí ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa kí ó tó máa fà. Ooru ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Bí prósẹ́sọ̀ bá gbóná dé òpin tí wọ́n fún un, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 95°C sí 100°C fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, yóò dín eré rẹ̀ kù kí ó má baà jóná. Káàdì àwòrán náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. HWiNFO, tí a kì í rà fún ìlò nínú ilé, yóò fi ìwọ̀n ooru hàn ọ́. Bí iye àwòrán bá ń lọ sílẹ̀ bí ooru ti ń dé òpin, o ti mú olè náà. Wo eruku, pàápàá ní àkókò ọyẹ́. Wo bóyá gbogbo fáànù ń yí. Wo bóyá afẹ́fẹ́ ń wọlé níwájú tí ó sì ń jáde lẹ́yìn, kí àpótí kọ̀ǹpútà má sì fara ti ògiri. Bí káàdì àwòrán rẹ bá jẹ́ tókunbọ̀, péèsìtì inú rẹ̀ ti lè gbẹ.

Èmi fúnra mi jẹ nínú ìyà yìí. Ìsinmi méjì ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan kí n tó rí owó ra àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kìíní, géèmù bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán 70 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ìdajì eré tó pé, ó ti di 28. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní káàdì tókunbọ̀ mi ni. Mo ti bá oníṣòwò kan sọ̀rọ̀ pé yóò gba tèmi ní ìdajì owó, èmi yóò sì fi owó kún un gba òmíràn. Owó tí mo fẹ́ fi kún un ni owó ìdánwò mi. Ìyá mi, tí ó jẹ́ aránṣọ, ni ó bi mí ní ìbéèrè kan: “Àyìnlá, ṣé láti òwúrọ̀ ni ó ti ń fà, àbí ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ó tó rẹ̀ ẹ́? Máṣíìnì mi yìí, tí kò bá ti rí epo, bó bá ṣe ń gbóná ló máa ń wúwo.” Mo ní, “Màmá, ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ ná o.” Mo wọn ooru prósẹ́sọ̀; ó jẹ́ 98°C. Nígbà tí mo tú irin tí ó ń fa ooru kúrò lára rẹ̀, mo rí ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó yẹ kí n ti ṣí kúrò nísàlẹ̀ irin náà kí n tó dè é. Mo ṣí i, mo nu ojú méjèèjì, mo fi péèsìtì tuntun tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ sí i. Ooru wálẹ̀ sí 71°C, àwòrán sì dúró ní 70 títí rẹfirí fi fọn fèrè ìkẹyìn. Péèsìtì náà kò ju owó oúnjẹ ọ̀sán kan lọ. Mo san owó ìdánwò mi ní ọjọ́ kejì.

Irú kẹta ni èyí tí ó ń sáré, ṣùgbọ́n tí ó ń kọsẹ̀ lójijì, tí yóò dúró díẹ̀ tí yóò sì tún fò síwájú. Èyí sábà máa ń jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ń dúró de ohun tí ó fẹ́ kó wá láti ibi ìpamọ́. Bí géèmù bá wà lórí háàdì dísìkì tí ń yí, gbé e lọ sórí SSD bí o bá ní in. Bí ràámù bá kún fọ́fọ́, pa àwọn ètò mìíràn tí ó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn géèmù. Bí ó bá jẹ́ ràámù ti káàdì àwòrán fúnra rẹ̀ ni ó kún, dín ètò tí ń jẹ́ Textures kù nínú géèmù. Má sì ṣe da ìkọsẹ̀ pọ̀ mọ́ kíkú. Kọ̀ǹpútà tí ó kú pátápátá tàbí tí ó tún ara rẹ̀ tàn nígbà tí géèmù le ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn: yẹ àpótí tí ń pín iná fún un wò, àti iná tí ń wọlé láti jẹnẹrétọ̀ tàbí láti òpó.

Bí o bá ti ṣe gbogbo èyí tí kò sì yí padà, nígbà náà ni o lè ronú owó. Síbẹ̀, ìdánwò kan ṣì kù. Dín iye àmì tí ó para pọ̀ di àwòrán kù nínú géèmù, bí àpẹẹrẹ láti 1920 x 1080 sí 1280 x 720, kí o sì wọ̀n ọ́n. Bí iye àwòrán bá ga sókè dáadáa, káàdì àwòrán ni agbára rẹ̀ kò tó. Bí kò bá ga rárá, tí o kò sì fi òpin sí i nínú ètò géèmù, prósẹ́sọ̀ tàbí ràámù ni ó ń dá iṣẹ́ dúró. Káàdì tuntun kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń fà tí ó sáré lọ sí ọjà ń wo iwájú. Ẹni tí ó bá jókòó, tí ó wọ̀n ọ́n, tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, tí ó sì béèrè ìgbà tí ó ń fà, ni ó wo ẹ̀yìn wo ibi tí ó ti kọsẹ̀. Owó rẹ̀ yóò wà lápò rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ó bá mọ ohun tí ó fẹ́ fi rà.

ÀKÍYÈSÍ LÓRÍ ÀRÒKỌ YÌÍ

(a) Wo bí òǹkọ̀wé ti pín àárín àròkọ rẹ̀. Kò tò ó bí ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ti pọ̀ tó. Bí àìsàn ti ń hàn ni ó fi tò ó. Ìpínrọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ irú kọ̀ọ̀kan jẹ́ kí o mọ irú tí ó fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ nínú tìrẹ.

(b) Ìtàn ara ẹni wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ni, ó sì ń ti kókó tí ó ṣáájú rẹ̀ lẹ́yìn. Bí ìtàn bá gba ojú ewé méjì, àròkọ rẹ ti di oníròyìn, olùdánwò yóò sì gba máàkì lọ́wọ́ rẹ lórí ìṣètò.

(d) Òwe méjì péré ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀kan ṣí ilẹ̀kùn, èkejì tì í. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kó òwe mẹ́wàá jọ kò fi hàn pé òun gbọ́ Yorùbá. Ó fi hàn pé òun kò ní kókó ni.

(e) Kíyè sí àwọn ọ̀rọ̀ àyálò: géèmù, ràámù, fáànù, mọ́nítọ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáńtì parí, nítorí náà fáwẹ̀lì ni ó gbẹ̀yìn wọn. Bí o bá ti yan ọ̀nà tí o fẹ́ gbà kọ ọ̀kan, má ṣe yí i padà títí o fi parí. Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ yòókù, àkọtọ́ òde òní ni kí o lò: “yóò”, kì í ṣe “yio”, “wọ́n”, kì í ṣe “nwọn”.

(ẹ) “O” ni òǹkọ̀wé fi bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. O lè lo “ènìyàn” tàbí “a” bí ó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n má ṣe fi “o” bẹ̀rẹ̀ kí o sì fi “ẹ” parí. Àwọn tí ń kánjú a máa ṣe àṣìṣe yìí púpọ̀.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Kọ ìlapa èrò fún àròkọ yìí: “Bí a ṣe ń wá ìdí tí jẹnẹrétọ̀ fi kọ̀ láti tàn.” Wá okùn kan tí yóò so gbogbo kókó rẹ pọ̀.

2. Ka ìpínrọ̀ tí ó sọ nípa ràámù lẹ́ẹ̀kan sí i. Tún un kọ fún ẹni tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, láìjẹ́ kí ohun tí o kọ gùn ju tibẹ̀ lọ.

3. Ọ̀rẹ́ rẹ sọ pé géèmù òun dára fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó máa fà. Kọ ìbéèrè mẹ́rin tí ìwọ yóò bi í, kí o sì sọ ìdí tí o fi fẹ́ bi í ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

4. Kọ àròkọ lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: (a) Bí mo ṣe ń wá ìdí tí kẹ̀kẹ́ mi fi ń ta ṣéènì, (b) Bí a ṣe ń wá ìdí tí omi ẹ̀rọ kò fi yọ, (d) Owó tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ṣòfò.

Nígbà tí o bá parí, fún ẹnìkan nínú ilé ní àròkọ rẹ kà. Má ṣe bi í bóyá ó dùn. Ní kí ó sọ ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe fún ọ. Bí kò bá lè sọ ọ́, padà sí ìlapa èrò rẹ.